Láti Abúlé Òkúta, Ẹ Wo Júpítà

Tí NEPA bá mú iná lọ ní Abúlé Òkúta, ẹ gbójú sókè. Ní àsìkò tí Júpítà bá wà lójú sánmà lálẹ́, ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan kí ẹ tó rí i. Ó máa ń tàn yòò, kì í sì í ṣẹ́jú bíi ti àwọn ìràwọ̀. Òṣùpá àti àgùàlà nìkan ló sábà máa ń mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Iná mọ́tò Bàríga àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ò tó láti bò ó mọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn ni àwọn onímọ̀ ti ń rán ọkọ̀ lọ bá láti ọdún 1972, ọkọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Nínú àròkọ yìí, kàlẹ́ńdà ilé wa la fẹ́ fi ka àwọn ọdún náà. Tó bá jẹ́ kàlẹ́ńdà NASA nìkan la lò, á dà bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn kan lókè òkun ni, pé kò kàn wá. Ó kàn wá. Èkó ti gba orí sánmà sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra lọ sí Júpítà, ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára àwọn tó ṣírò ọ̀nà tí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà gbà débẹ̀.

Ayé tí kò ní òkúta

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń lọ bá. Tí wọ́n bá to ayé tiwa yìí mọ́kànlá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìgbà náà ni wọ́n tó fẹ̀ tó Júpítà láti etí kan dé èkejì. Ọjọ́ kan níbẹ̀ kò pé wákàtí mẹ́wàá, àmọ́ ọdún kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 12 tiwa. Nàìjíríà tó ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún òmìnira ní 2020, ọmọ ọdún márùn-ún ni tí a bá fi ọdún Júpítà kà á. Èyí tó sì yani lẹ́nu jù ni pé kò ní ilẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni látòkè, haidrójìn àti hílíọ̀mù, ó kàn ń nípọn sí i bí èèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti Abúlé Òkúta lọ síbẹ̀ kò ní rí òkúta kan ṣoṣo fi jókòó.

Ọ̀dọ̀ àwọn òṣùpá rẹ̀ ni òkúta wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1610, Galileo Galilei, ará Ítálì, gbé ẹ̀rọ awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, ó kọjú rẹ̀ sí Júpítà. Ó rí ìmọ́lẹ̀ tíntìntín mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣebí ìràwọ̀ lásán ni. Nígbà tó máa fi wò ó lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti sún. Láìpẹ́, ó rí ìkẹrin. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bá Júpítà rìn. Àwọn àgbà wa máa ń pa á lówe pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Galileo yí òwe náà po: àwọn tó kọ́kọ́ pè ní ìràwọ̀ tó ń dá rìn, ọmọ ẹ̀yìn Júpítà ni wọ́n lóòótọ́. Orúkọ wọn lónìí ni Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, a máa padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọkọ̀ kan ní èbúté Èkó

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, 1963, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó. Díìṣì ńlá kan wà lórí rẹ̀ tó kọjú sí sátẹ́láìtì tuntun kan, Syncom 2. Ọjọ́ yẹn ni Olórí Ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ láti Èkó dé Washington. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì máa gba orí sátẹ́láìtì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nǹkan bíi 36,000 kìlómítà ni Syncom 2 fi ga sí ilẹ̀. Kí ohùn tó gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹni méjì lè tàkúrọ̀sọ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà.

Ti Júpítà kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá súnmọ́ wa jù, ìṣẹ́jú bíi 33 ni ohùn rédíò máa fi rìn kó tó débẹ̀. Tó bá jìnnà jù, ó máa tó ìṣẹ́jú 53. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá kí ọkọ̀ kan níbẹ̀ pé “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́”, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́fà ni kí ẹ tó gbọ́ “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o” tó bá yá jù, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Èèyàn ò lè wà á bí ẹní ń wa dáńfó, kó rí ihò kó tó tẹ búrékì. Ohun gbogbo tí ọkọ̀ náà máa ṣe, a ti gbọ́dọ̀ rò ó, ṣírò rẹ̀, ká sì ti fi ránṣẹ́ sí i kó tó dé ibẹ̀. Ìṣírò yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé lórí.

Láti pọ́n-ùn dé náírà

Ọkọ̀ àkọ́kọ́, Pioneer 10, gbéra láti Florida ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, 1972. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Nàìjíríà pa ọwọ́ òsì tì, gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún títì. Nígbà tí Pioneer 10 fi kúrò nílé, pọ́n-ùn àti ṣílè la fi ń ra nǹkan lọ́jà. Nígbà tó fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítà ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1973, náírà àti kọ́bọ̀ ti gorí àtẹ láti oṣù Kìíní. Ẹ bi àwọn màmá àgbà yín, wọ́n á rántí.

Pioneer 10 kò dúró, ó kàn kọjá lọ ni. Àmọ́ ó mú ìròyìn kan wá tó ba àwọn onímọ̀ lẹ́rù: ìtànṣán olóró tó yí Júpítà ká pọ̀ ju ohun tó lè pa èèyàn lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Díẹ̀ ló kù kó ba ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà jẹ́. Pioneer 11 tẹ̀lé e ní ìparí 1974. Ohun tí àwọn méjèèjì wọ̀n ni wọ́n fi ṣe ààbò fún àwọn ọkọ̀ tó tẹ̀lé wọn, Voyager 1 àti Voyager 2.

Ọdún FESTAC ni àwọn Voyager gbéra. Ayẹyẹ wa parí ní oṣù Kejì 1977, àwọn ọkọ̀ méjèèjì sì lọ ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án. Voyager 1 dé ọ̀dọ̀ Júpítà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, 1979. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Linda Morabito, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà gan-an, ń wo àwòrán òṣùpá Io. Ìràwọ̀ ló ń wá lẹ́yìn òṣùpá náà kó lè fi ṣírò ọ̀nà. Ó rí nǹkan bí ìkùukùu tó yọ létí rẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ni, èyí àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí tó ń yọ iná lọ́wọ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí ayé yìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń ṣírò ọ̀nà ló rí i.

Atukọ̀ láti Nioro

Lára irú àwọn tó ń ṣírò ọ̀nà yẹn ni ọmọ Mali kan wọlé dé. Cheick Modibo Diarra ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n bí i ní Nioro du Sahel, ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Mali tí kò jìnnà sí ààlà Mauritania. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣírò àti físíìsì ní Paris, ó lọ sí Howard University ní Washington, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ òfurufú. Lẹ́yìn náà ló wọ Jet Propulsion Laboratory ní California, ilé iṣẹ́ tó ń darí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí NASA ń rán lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí Magellan tó lọ sí Venus, Ulysses tó gba ẹ̀gbẹ́ Júpítà lọ wo orí àti ìdí oòrùn, Mars Pathfinder, àti Galileo, ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní orúkọ bàbá tó rí òṣùpá mẹ́rin. Nígbà tó kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀, *Navigateur interplanétaire* ló pè é. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa, atukọ̀ láàárín àwọn plánẹ́ẹ̀tì.

Atukọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Bàríga, kí ẹ wo àwọn ará Ìlàjẹ lórí ọkọ̀ wọn. Atukọ̀ tó gbọ́n kì í fi gbogbo agbára apá rẹ̀ wa ọkọ̀. Ó mọ ibi tí omi ń ṣàn sí, ó máa ń jẹ́ kí omi gbé òun. Ohun tí wọ́n ṣe fún Galileo nìyẹn. Wọ́n ti fẹ́ rán an lọ ní oṣù Karùn-ún 1986, àmọ́ ní oṣù Kìíní ọdún yẹn ni ọkọ̀ Challenger bú gbàù pẹ̀lú èèyàn méje nínú rẹ̀. Gbogbo nǹkan dúró. Rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára tó yẹ kó tì í lọ tààrà, wọ́n ní àwọn ò gbé e mọ́, ó léwu jù. Ìṣírò ló kù. Wọ́n rán an gba ẹ̀gbẹ́ Venus lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jẹ́ kó padà wá gba ẹ̀gbẹ́ ayé wa lẹ́ẹ̀mejì, kí òòfà àwọn plánẹ́ẹ̀tì yìí lè máa jù ú síwájú bí ìgbà tí omi ń gbé ọkọ̀. Ó gbéra ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, 1989. Ó dé ọ̀dọ̀ Júpítà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1995.

Kó tó débẹ̀, nǹkan bàjẹ́. Áńténà ńlá rẹ̀ dà bí agbòòrùn, wọ́n ká a pọ̀ nígbà tó ń lọ. Ní oṣù Kẹrin 1991, wọ́n ní kó ṣí i. Agbòòrùn náà ò ṣí tán, díẹ̀ nínú egungun rẹ̀ há. Ohun tí wọ́n gbà pé ó fà á ni pé láàárín àwọn ọdún tí ọkọ̀ náà fi dúró, tí wọ́n ń fi tírélà gbé e káàkiri láàárín California àti Florida, ohun tó yẹ kó jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin ti bó dànù. Mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Ládípọ̀ ló máa yé.

Wọ́n ṣe áńténà yẹn kó máa fi nǹkan bíi 134,000 bíìtì ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí kékeré tó kù, 160 ló lè fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ṣe dáadáa jù. Ẹ̀yin tí dátà yín ti já bọ́ láti 4G sí E rí, ẹ mọ bó ṣe ń ṣèèyàn. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé iṣẹ́ parí. Wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà, kó lè máa fún àwòrán pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kó máa gba ohun tó bá rí sílẹ̀ sórí téèpù, kó máa wá fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó kéré tán, ìdá 70 nínú 100 ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe ló ṣe. Òun ló jẹ́ kí a rí ẹ̀rí pé òkun oníyọ̀ wà lábẹ́ yìnyín tó bo Europa.

Ọjọ́ mẹ́fà ní 2003

Nígbà tí epo Galileo fẹ́ tán, wọ́n bẹ̀rù kó má lọ ṣubú sórí Europa. Tí kòkòrò àìfojúrí láti ayé bá wà lára rẹ̀, ó lè ba òkun náà jẹ́. Nítorí náà, wọ́n darí rẹ̀ wọnú Júpítà fúnra rẹ̀, ó sì jóná níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, 2003.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27, NigeriaSat-1 gòkè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nìyẹn. Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn án, àwọn ẹnjiníà wa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. NigComSat-1 tẹ̀lé e ní 2007, ó kú sórí sánmà ní oṣù Kọkànlá 2008, a sì rí òmíràn gbà dípò rẹ̀ ní ìparí 2011. Àwọn kan fi ti NigComSat ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kí wọ́n rántí agbòòrùn Galileo. Nǹkan máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń rán nǹkan lọ sánmà. Ní oṣù Kẹjọ 2011, Juno gbéra lọ sí Júpítà ní ọjọ́ 5. Ọjọ́ méjìlá péré lẹ́yìn rẹ̀ ni NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X lọ, àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ló sì kan NigeriaSat-X. Ní 2017, FUTA ní Àkúrẹ́ ní sátẹ́láìtì kékeré tiwọn, NigeriaEduSat-1, tí kò ju àpótí tí ọwọ́ kan lè gbé lọ.

A mọ̀ pé a ò tíì rán ohunkóhun lọ sí Júpítà. Àmọ́ ohun tó ya ìtàn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe ọpọlọ, owó nìkan kọ́ sì ni. Pioneer wọn nǹkan, Voyager lò ó. Voyager rí Europa, Galileo lọ wò ó dáadáa. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan ti kú, iṣẹ́ ò dúró. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹnì kan máa ń bẹ̀rẹ̀, ìjọba á yí padà, ẹni tó dé á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Diarra fúnra rẹ̀. Ó padà wálé. Ní oṣù Kẹrin 2012, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Mali, wọ́n fi í ṣe olórí ìjọba fìdí-hẹ. Ẹ lè má fara mọ́ ìṣèlú rẹ̀, ìyẹn ò burú. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn ṣójà lọ mú un nílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń kéde pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wọn ṣírò ọ̀nà fún rìn fún ọdún mẹ́fà kó tó débi tó ń lọ. Nílé, iṣẹ́ rẹ̀ ò pé oṣù mẹ́jọ.

Àwòrán tó ń dúró de ẹni tó máa tò ó

Juno dé ọ̀dọ̀ Júpítà ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ 5 oṣù Keje, 2016, ní aago tiwa. Nígbà tí ìròyìn wọlé pé ó ti dúró, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méje ní Èkó. Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni, àwọn tó jí jẹ sàárì ṣì wà lójúfò. Ó sì ti tó ìṣẹ́jú 48 tí ohun tí wọ́n ń retí náà ti ṣẹlẹ̀. Ìròyìn náà ló pẹ́ lọ́nà.

Kámẹ́rà kan wà lára Juno tó ń jẹ́ JunoCam. Tìtorí ará ìlú ni wọ́n ṣe gbé e sí i. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń yí lójú kan, kámẹ́rà náà máa ń ya àwòrán ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́: pupa lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀. Wọ́n máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtò ó, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè gbé e lọ tò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán Júpítà aláràbarà tí ẹ ti rí lórí fóònù yín, àwọn èèyàn lásán ló jókòó nílé tò wọ́n.

Ta ló máa yé ju ará Ṣómólú lọ? Àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Kálẹ́ńdà ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti lo oṣù díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ mọ̀ pé àwòrán aláwọ̀ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan. Pléètì yẹ́lò lọ́tọ̀, ti dúdú lọ́tọ̀, àwọn yòókù lọ́tọ̀, tí ọ̀kan bá sì fi díẹ̀ yẹ̀, ojú ìyàwó á di méjì. Ẹni tó lè to èyí lè to ti Júpítà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe pósítà náà tó o.

Ìtànṣán olóró tí Pioneer 10 kọ́kọ́ wọ̀n ní 1973 ṣì wà níbẹ̀. Ní 2023, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba JunoCam jẹ́ pátápátá, àwòrán ti ń já gẹ́gẹ́ bí tẹlifíṣọ̀n tí áńténà rẹ̀ yí. Wọ́n mú kámẹ́rà náà gbóná ju bó ṣe máa ń wà lọ, bóyá iná á wo ojú rẹ̀ sàn. Ó kù díẹ̀ kí Juno dé ẹ̀gbẹ́ Io ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá nígbà tí ojú kámẹ́rà náà là. Ó ya àwòrán òkè oníná tí irú Linda Morabito rí ní 1979.

Ọdún mẹ́fà

Ọkọ̀ méjì wà lójú ọ̀nà báyìí. JUICE ti àwọn ará Yúróòpù gbéra ní oṣù Kẹrin 2023, oṣù Keje 2031 ni wọ́n ń retí kó dé, Ganymede ló ń lọ wò. Europa Clipper ti NASA gbéra ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2024. Oṣù Kẹrin 2030 ni wọ́n dá fún un. Ọ̀rọ̀ òkun tí Galileo rí ẹ̀rí rẹ̀ ló bá lọ: ṣé nǹkan ẹlẹ́mìí lè gbé níbẹ̀?

A sọ pé iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́dọ̀ wa. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1859, CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n kó o wá sí Bàríga, ibẹ̀ ló wà títí dòní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá, ó lọ. Àwọn ológun wá, wọ́n lọ. Pọ́n-ùn di náírà. Tíṣà kan ń fi ṣọ́ọ̀kì lé òmíràn lọ́wọ́.

Ọmọ tó wọ JSS1 ní Bàríga ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kọ́ńpáàsì nínú mathematical set rẹ̀ nígbà tí Clipper gbéra. Nígbà tí ìròyìn bá máa dé pé ó ti wọ ọ̀dọ̀ Júpítà, ọmọ náà á wà ní SS3, á máa múra WAEC. Ìṣírò á wà lára ohun tó máa kọ.